Ẹ̀fẹ̀ Tí Mo Gbé Jáde Nínú Àgbàlá Mi

Bí ẹ bá gba ọ̀nà tó ti Ìlobù lọ sí Ìfọ́n, ẹ ó rí búlọ́ọ̀kù mi lápá ọ̀tún kí ẹ tó jáde kúrò nílùú wa. Mi ò gbé pátákó kankan síbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi pátákó ṣe? Búlọ́ọ̀kù mi ló ń sọ̀rọ̀ fún mi. Ẹ gbé ọ̀kan, ẹ jù ú sílẹ̀ láti èjìká. Bó bá fọ́, ẹ wá bá mi jà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́lé ládùúgbò wa tí kì í bi bíríkìlà rẹ̀ pé, "Ṣé ti ọkùnrin yẹn lẹ máa lò?" Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí n wọ ìwé karùn-ún ni bàbá mi ní kí n wá di ọkọ́ mú. Ilé kéwú ni mo ti wá gbọ́n sí i, nítorí àfáà wa máa ń fi Yorùbá túmọ̀ ohun gbogbo fún wa, a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ èyí tí ẹ ń kà yìí láìbẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀.

Mo sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tí ojú máa ń tì. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo ṣe sí ọmọ ọlọ́mọ, tí mo sì ṣe sí ọmọ tèmi náà, tó jẹ́ pé bí mo bá jókòó síwájú mọ́tò yanrìn tí a gba Ìfọ́n kọjá, mi kì í wo ọ̀tún, mi kì í wo òsì.

Ọmọbìnrin mi àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Ìfọ́n. Ilé ìwé kan náà ni wọ́n ń lọ, bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí. Ìlobù àti Ìfọ́n ò jìnnà síra. Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ ò nílò ọ̀kadà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gùn láàrin wa. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà kí wọ́n tó bí mi, mi ò sì ní í dá a sílẹ̀ níbí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ní Ìfọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa, ẹnì kan ní Ìlobù á ní mi ò sọ ọ́ tó. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ó wà, pé ó sì máa ń jẹ́ kí òbí bi ọmọ pé ilé ta ló ń lọ. Àwọn ọmọ méjì yìí ò ka ìyẹn sí rárá.

Bí wọ́n bá ti jáde nílé ìwé, wọ́n á gba àgbàlá iṣẹ́ mi wọlé, wọ́n á gun orí búlọ́ọ̀kù tó ti gbẹ, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí tí ìyàwó mi ń tà, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tí wọn kì í fi rẹ́rìn-ín. Èmi á pariwo láti ìdí ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù:

"Ọmọ Ìfọ́n! Ṣé ẹ̀gúsí lo wá bó ni, àbí eyín lo wá fi hàn wá?"

"Ẹ̀gúsí ni o, Bàbá Ìlobù! Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Ẹ̀rọ yín ń dún, ẹ̀yin náà ń dún."

Á kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ti ń sọ ọ́, kí n má baà rí ẹ̀sùn fi kàn án.

Ẹ̀bùn kan wà lára ọmọ yẹn. Kò sí ẹni tí kò lè sín jẹ. Ó lè sín olùkọ́ ìṣirò wọn jẹ, tó máa ń fa ṣòkòtò sókè kó tó kọ nǹkan sójú pátákó. Ó lè sín obìnrin tó ń ta búrẹ́dì nídìí mọ́tò jẹ, tó jẹ́ pé bó ṣe ń rojọ́ ọkọ rẹ̀ náà ló ń ka ṣéńjì. Lọ́jọ́ kan ó sín èmi náà jẹ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó ti ikùn síwájú, ó wá na ìka sí búlọ́ọ̀kù kan: "Ẹ gbé e! Ẹ jù ú! Ṣé ó fọ́? Ó máa ṣe fọ́? Ta ló mọ ọ́n?" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi ṣe bí ẹni tó bínú, mo wá wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín tèmi. Ká sọ òótọ́, ó dùn mọ́ mi. Ẹni tí kò ní ìrìn tirẹ̀, ta ló máa sín in jẹ?

Ẹ̀fẹ̀ wọn yẹn, inú àgbàlá ló ń bẹ̀rẹ̀, inú àgbàlá náà ló sì ń parí sí. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Èmi ni mo ra fóònù. Ọmọ mi ò béèrè. Ó ṣe ipò kejì ní kíláàsì wọn, mo sì ti sọ fún gbogbo ènìyàn ní mọ́ṣáláṣí pé bó bá lè wọ inú mẹ́ta àkọ́kọ́, ohun tí ọmọ ẹnikẹ́ni ò ní ládùúgbò ni màá rà fún un. Mo wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, mo ní kí wọ́n gbé èyí tí kámẹ́rà rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù wá. Nígbà tí mo dé, mi ò kọ́kọ́ gbé e fún ọmọ. Mo gbé e káàkiri àdúgbò ná.

Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rín àgbàlá mi ti yí padà, mi ò sì tètè mọ̀. Ọmọ Ìfọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sín ẹnì kan jẹ, ọmọ mi á ní, "Dúró, dúró, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́. Tún un ṣe." Á tún un ṣe. "Oòrùn ò jẹ́ kí ojú ẹ hàn. Bọ́ sí apá ibí." Á bọ́ síbẹ̀. Nígbà tó bá fi di ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì mọ́, àfi nígbà tí fóònù bá ń wò wọ́n. Bí wọ́n bá ti gbé e sórí ìkànnì tán, wọ́n á forí kora, wọ́n á máa ka láìkì tó ń wọlé. Ẹ̀gúsí á wà nílẹ̀ láìbó.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i.

"Bàbá wọn," ó ní, "ṣé ẹ ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí? Ó dà bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́ ẹ̀rín."

"Ìwọ ò mọ ohun tó ń lọ," ni mo dá a lóhùn. "Gbogbo ayé ń wo ọmọ ẹ. Ẹni tó wà ní Kánádà ń wò ó."

"Ta la ní ní Kánádà?"

Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí mo bá dé ibi tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi jókòó sí, mo ní ohun tí mo lè sọ. Mo ti mọ iye ènìyàn tó ń tẹ̀lé ọmọ mi lórí fóònù ju bí mo ṣe mọ iye búlọ́ọ̀kù tó wà nílẹ̀ lọ.

Àwọn ọmọ náà ní òfin tiwọn. Ọmọ Ìfọ́n ló ń sọ èyí tó lè jáde àti èyí tí kò gbọdọ̀ jáde, nítorí ojú tirẹ̀ ni ayé ń rí. Ọmọ mi ò rú òfin yẹn rí. Èmi ni.

Ní Sátidé kan, ọmọ náà sín bàbá àgbà rẹ̀ jẹ. Bàbá yìí ló bí bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà sì dàgbà sí. Ó ní bàbá náà máa ń kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sóko kó lè fi ààlà hàn wọ́n. Ọmọ náà gbé ọ̀pá ṣọ́bìrì mi, ó tẹ̀ díẹ̀, ó rìn díẹ̀díẹ̀ dé ìdí búlọ́ọ̀kù, ó wá na ọ̀pá náà síwájú. "Láti ibí yìí," ó ní, ohùn rẹ̀ sì di ohùn arúgbó pátápátá, "láti ayé baba mi, títí lọ dé..." Ó dákẹ́. Ó wo orí ọ̀pá. Ó wo òkè. Ó yí ojú padà sí ọmọ mi bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà. "Kí ni mò ń sọ bọ̀ ná?" Ó wá fi ọwọ́ pa ọmọ mi lórí. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dà bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó ń sín bàbá náà jẹ bí ẹni tó ń gbá a mọ́ra. Nígbà tó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti tutù.

"Ó ti ń gbàgbé nǹkan," ó sọ fún ọmọ mi. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúkọ àǹtí mi tó kú ló fi pè mí. Èyí ò gbọdọ̀ jáde o."

"Mi ò ní í gbé e jáde. Jẹ́ kí n ṣáà fi pamọ́."

Èmi wá dá sí i. "Fi ránṣẹ́ sí èmi náà, kí n máa wò ó."

Àwọn méjèèjì wò mí.

"Kí lẹ ń wò? Ṣé èmi ni ayé ni?"

"Bàbá Ìlobù, ẹ búra."

"Ọmọ Ìfọ́n, o fẹ́ kí n búra? Ọ̀rọ̀ mi ni ìbúra."

Ọmọ mi fi ránṣẹ́ sí mi.

Àwa oníbúlọ́ọ̀kù ní gúrúùpù kan lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì àti yanrìn ló yẹ ká máa sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ara wa la máa ń fọ́nnu fún. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn, ọkùnrin kan láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ò ju yanrìn tí wọ́n tutọ́ sí lọ, gbé fídíò ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ náà wọ yunifọ́ọ̀mù, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mu omi. Gbogbo wọn ń kí i: o kú oríire, ọmọ rẹ á ṣe ẹ́ lóore. Ara mi ò gbà á. Mo yẹ inú fóònù mi wò, ti ọmọ Ìfọ́n ló sì wà lókè pátápátá. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àgbàlá mi rèé. Àwọn ọmọ mi ló ń ṣeré." Mo fi ránṣẹ́. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ń gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé kò sí ẹni tó rántí ọmọ Ẹ̀rìn mọ́. Mo fi fóònù sápò, mo padà sídìí iṣẹ́, ara mi yá gágá.

Kó tó di Ọjọ́bọ̀, fídíò náà padà wá bá mi láti ọ̀dọ̀ ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Ẹnì kan tó mọ̀ pé ọmọ Ìfọ́n ni ọmọ náà ti kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sí i lórí pé, ÀGBÀ ÌFỌ́N GBÀGBÉ ÀÀLÀ. Ohùn ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀, ó ń fi Ìfọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ẹ ò rí i, ẹnu ọmọ wọn ni wọ́n fi jẹ́wọ́. Àwọn ará Ìfọ́n bú u padà. Àwọn ará Ìlobù bú àwọn tó bú u. Àwọn tó wà ní Èkó àti ní ìlú òyìnbó, tí wọn ò tẹ ilẹ̀ yẹn láti ọdún gbọọrọ, ni èébú wọn gbóná jù. Láàrin gbogbo rẹ̀, wọ́n ń béèrè pé ta lọmọ tó lọ sílé Ìlobù lọ fi bàbá àgbà rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n pè é ní ohun tí mi ò lè kọ.

Ọmọ náà ò wá sí àgbàlá lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi nìkan ló dé, ojú rẹ̀ wú.

"Ó ti gbé ìwé rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì wa," ó ní. "Ó lọ jókòó sẹ́yìn. Gbogbo kíláàsì ń pè é ní Ará Ìlobù. Wọ́n ti gbé e fún bàbá àgbà ẹ̀ wò, Bàbá. Wọ́n ní ó ní kí wọ́n tún un fi hàn òun."

Mo ń da yanrìn. Mi ò dáwọ́ dúró.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé e jáde?"

Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ mi wà níbẹ̀, bíríkìlà kan tó wá ra ọjà dúró tì mí, gbogbo wọn sì ń wojú mi.

"Èmi? Kí ni màá fi ọ̀rọ̀ ọmọdé ṣe? Fóònù yín yìí, ta ló mọ ohun tó máa ń ṣe fúnra rẹ̀? Bóyá ìka ẹ ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́."

Ó wo ìka rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ mi gbé ọwọ́ sókè, ó ń yí ìka rẹ̀ wò bí ẹni pé ìka náà máa jẹ́wọ́. Ó gbà mí gbọ́. Èmi ni bàbá rẹ̀, kí ló dé tí kò ní gbà mí gbọ́?

Ọjọ́ ń lọ, ọmọ Ìfọ́n ò yà lọ́dọ̀ wa mọ́. Ọmọ mi ń dá bó ẹ̀gúsí. Bó bá bó ẹ̀kúnwọ́ kan, á fa fóònù yọ, á wò ó, á tún gbé e sílẹ̀. Àwọn ènìyàn tuntun ń ya wọ ojú ìwé rẹ̀ nítorí fídíò yẹn. Wọ́n ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ọmọ tó ń ṣe bíi bàbá arúgbó yẹn dà? Ẹ gbé òmíràn wá. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ fi dá a lára yá, mo ní, "Àwọn mélòó ló ń tẹ̀lé ẹ báyìí?"

"Wọ́n pọ̀, Bàbá." Kò gbé ojú sókè. "Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí mo lè pè kó wá bá mi bó ẹ̀gúsí."

Ìyẹn gún mi láyà, síbẹ̀ mi ò jẹ́wọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé á tutù fúnra rẹ̀. Ọjọ́ ọdún Iléyá ni ọwọ́ tẹ̀ mí. Lọ́dọọdún, ọmọ mi ló máa ń gbé ẹran lọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìfọ́n, tiwọn náà á sì padà wá. Lọ́dún yẹn, ó di ẹran náà sínú abọ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó dúró pẹ́. Mo rí i láti ojú fèrèsé. Ó wá gbé abọ́ náà padà sílé ìdáná, ó nu ojú, ó jáde sórí búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú aṣọ ọdún rẹ̀, ó na fóònù síwájú, ó rẹ́rìn-ín. Ó ya ọ̀kan, ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ìyàwó mi fi àwòrán náà hàn mí. Ẹni tó bá rí i á ní kò sí ọmọ tí ọdún dùn mọ́ tó o ní gbogbo Ìlobù.

"Èmi ni mo gbé fídíò yẹn jáde," mo sọ fún ìyàwó mi.

Ó wò mí títí. "Kì í ṣe èmi lẹ fẹ́ sọ ọ́ fún," ó ní, ó sì kó abọ́ rẹ̀ dìde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ọmọ mi níbi tó ti ń fọṣọ. Mo dúró, nítorí mi ò mọ bí bàbá ṣe ń jókòó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Kì í ṣe ìka ẹ. Èmi ni mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù wa."

Kò pariwo. Ó ń fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ ní ìka mi ni."

"Mo mọ̀."

"Mo ti fi ìka yìí bẹ̀ ẹ́, Bàbá. Mo nà án sókè lójú gbogbo kíláàsì, mo ní ìka yìí ló ṣèèṣì. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní kó dárí jì mí. Kí ló fẹ́ dárí ẹ̀ jì mí?"

Ó sá aṣọ náà sórí okùn, ó ní, "Màá lọ bá a. Èmi nìkan. Màá ṣàlàyé fún un."

"Rárá o," mo ní. "Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti kọjá ti ọmọdé. Àgbà ló bà á jẹ́, àgbà ló máa tún un ṣe."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ, Bàbá. Ẹ má kó àgbà lọ síbẹ̀."

Mi ò gbọ́. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Mo lọ pe ẹ̀gbọ́n mi, mo pe àfáà mọ́ṣáláṣí wa, mo ra ọsàn apẹ̀rẹ̀ kan, a gba Ìfọ́n lọ lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Nígbà tí a dé iwájú ilé wọn, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé búlọ́ọ̀kù ilé náà ò dára. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Bàbá àgbà náà jókòó lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, bàbá ọmọ náà dúró tì í. Ọmọdé ni bàbá ọmọ náà sí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn méjèèjì, èmi tí mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní Ìfọ́n rí.

"Ta nìyí?" ni bàbá àgbà bi ọmọ rẹ̀.

"Bàbá ọ̀rẹ́ ọmọ wa ni, láti Ìlobù. Ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù."

"Ẹ ní kó dìde. Kí búlọ́ọ̀kù má lọ gbẹ mọ́ ilẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ara tù mí díẹ̀. Àfáà wa ṣàlàyé ohun tó gbé wa wá, ẹ̀gbọ́n mi bá mi bẹ̀bẹ̀, èmi náà fi ẹnu ara mi sọ pé èmi ni, pé ọmọ mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bàbá àgbà gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Wọ́n gbé e fún mi wò," ó ní. "Ọmọ náà mọ̀ mí. Bí mo ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Èyí tó dùn mí ni pé mi ò mọ̀ pé àwọn ọmọ ti ń rí i." Ó fi ọwọ́ júwe àga fún mi. "Mo ti fi ji yín. Ẹ pe ọmọ náà wá."

Ọmọ náà jáde wá, ó fi gèlè kékeré kan wé orí, ó kúnlẹ̀ sáàrin wa. Ó ti rù.

Bàbá rẹ̀ ní, "Ṣé o ti gbọ́? Kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ ló ṣe é. Ẹ̀gbọ́n wa yìí ni, wọ́n sì ti wá dọ̀bálẹ̀. Bí àgbà bá ti dọ̀bálẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kí lo sọ?"

"Ó ti tán, sà."

"Sọ ọ́ kó dún."

"Ó ti tán, sà. Ẹ ṣé, sà."

Àfáà wa gbàdúrà, a ṣe àmín. Wọ́n gbé omi tútù àti mọ́ínmọ́ín wá, a jẹ ẹ́. Ọmọ náà ti wọlé kí a tó fọ ọwọ́. Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ṣé ẹ rí i? Kò tó wákàtí kan. Nǹkan tí àwọn ọmọ yìí ti fi ń dààmú láti ìgbà yìí."

Ọmọ mi dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ó ti tán."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Mo kà wọ́n fún un: bàbá àgbà rẹ̀, bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, àfáà, èmi.

"Àgbà márùn-ún," ó ní. "Àgbà márùn-ún jókòó yí i ká, ó kúnlẹ̀ sáàrin. Kí lẹ fẹ́ kó sọ, Bàbá? Ṣé kó ní kò tíì tán?"

Ojú mi là lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ìbínú nìkan ló kù sọ́wọ́ ọmọ yẹn, mo sì ti fi ìdọ̀bálẹ̀ mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ó padà sórí bẹ́ǹṣì wọn, nítorí bàbá rẹ̀ ní kó padà. Ọmọ mi ní ó máa ń yá òun ní rúlà. Ó máa ń ní, "Ẹ káàárọ̀," gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kí ìyá ẹlòmíràn. Kò sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́, nílé ìwé tàbí nílé. Wọ́n ní bàbá àgbà rẹ̀ náà ò kó àwọn ọmọ lọ sóko mọ́.

Mi ò mọ ohun tí mo lè tún ṣe. Ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀ tán, ibo ló kù tó máa lọ? Ọmọ mi ló ṣe é. Ní Sátidé kan, ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí búlọ́ọ̀kù, ó bọ́ sọ́nà, kò sọ ibi tó ń lọ fún mi. Fóònù náà ń dún lórí búlọ́ọ̀kù títí di ọ̀sán. Nígbà tó dé, eruku ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, ojú rẹ̀ pọ́n, ohùn rẹ̀ ti há.

"Ṣé wọ́n nà ẹ́ ni?"

"Ó bú mi," ó ní. "Ẹ̀yìn ilé wọn la lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò sí. Ó bú mi títí ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní ìgbà tí mo ti ń ní kó tún un ṣe, kó tún un ṣe, lòun ti mọ̀ pé kì í ṣe òun ni mò ń wò mọ́. Ó ní ṣé mo mọ bí ilé àwọn ṣe rí báyìí? Ó ní kí n má wá mọ́."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní màá wá ní Sátidé tó ń bọ̀."

"Kí lòun sọ?"

"Ó ní tí mo bá wá, òun á tún bú mi."

Ọmọ mi jókòó, ó fa agbọ̀n ẹ̀gúsí sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ojú ẹni tí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni.

"Èmi ńkọ́?" mo ní. "Kí ló sọ nípa tèmi?"

Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

"Sọ ọ́. Mi ò ní í bínú."

"Ó sọ̀rọ̀ nípa yín. Ó pẹ́ tó fi sọ ọ́."

"Kí ló sọ?"

"Mi ò lè fi ẹnu mi sọ ọ́ fún yín, Bàbá."

Ó ti lọ sí Ìfọ́n lọ́pọ̀ Sátidé lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà mìíràn á tètè dé, nígbà mìíràn oòrùn á ti wọ̀ kó tó dé. Kò sọ fún mi bóyá wọ́n ṣì ń jà, mi ò sì ní ẹnu tí màá fi béèrè. Èyí tí mo máa ń béèrè ni tèmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ẹ ó ní orí mi ti dàrú, pé èmi tó jẹ́ pé ìyìn ni mo fẹ́ràn, mo wá ń bẹ ọmọ bíbí inú mi pé kó fi èébú hàn mí. Ṣùgbọ́n tèmi ni. Èmi ni wọ́n tìtorí ẹ̀ sọ ọ́, irùngbọ̀n àgbà mi sì ni wọ́n ń wò tí wọn ò fi jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ti rò ó lóríṣiríṣi. Mo rò pé ó pè mí ní òpùrọ́. Mo rò pé ó ní búlọ́ọ̀kù nìkan ló mọ ohun tó wà nínú mi. Èyí tí mo bá rò, kì í dún bí ohùn rẹ̀.

Mo tún béèrè láàárọ̀ òní, kí n tó jókòó kọ èyí.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, Bàbá," ọmọ mi ní. "Àgbà ni yín." Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Ìfọ́n lọ.